Bàbá Mi àti Ìwé Ṣọ́jà Tí O Kó Fún Mi

Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Ayébòdé-Èkìtì.
Ogúnjọ́ oṣù Ṣẹẹrẹ, 2025.

Tàófíìkì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Fàtíà ọmọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú ọyẹ́ Ìlọrin. Ara wa le níbí, àfi ojú bàbá mi tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún ní Ìdó lóṣù tó kọjá. Ojú ti ń sàn. Ẹnu wọn ni kò tíì sinmi.

Báàgì ìwé ìtàn ṣọ́jà tí o kó fún mi ti ba ayé mi jẹ́, kí Ọlọ́run má dárí jì ọ́. Kí ènìyàn tó ka ojú ìwé mẹ́ta, afárá ti wó, bàálù ti gbiná, ọ̀gágun kan sì ti fi eyín já wáyà bọ́ǹbù. Inú àpò Bíbélì ni mo ń fi ọ̀kan nínú wọn sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àlùfáà ń wàásù lórí sùúrù, mo ké sí ẹnì kan nínú ìwé pé kó sá, gbogbo ìjọ sì yíjú sí mi.

Nígbà tí dókítà ní bàbá ò gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi ni mo di akàwé wọn. Sáàmù ni wọ́n ní kí n máa kà. Mo ka méjì, mo bá yọ́ wọnú ìwé ṣọ́jà. Mo ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, bàbá sì ń bá mi jiyàn. Wọ́n ní ẹni tó bá sáré tó báyẹn kò ní èémí tí yóò fi dá àpárá. Síbẹ̀, bí mo bá pa ìwé dé, wọ́n á ní kí ni mo ń dúró ṣe.

O mọ̀ pé Ṣọ́jà ni gbogbo ìlú ń pe bàbá, nítorí ogun Làìbéríà tí wọ́n lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún wa rí; àwa la dá ìtàn sílẹ̀ fúnra wa. Èmi nìkan ti pa tó ogún ọlọ̀tẹ̀ lórúkọ wọn nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kà dé ibi tí ọgbọ̀n ṣọ́jà ti jagun nínú igbó fún ọjọ́ mẹ́rin láìsinmi. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

“Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn?”

Mo ní ìyẹn ò sí nínú ìwé.

“Ní Làìbéríà,” wọ́n ní, “èmi ni mo ń dáná.”

Mo rẹ́rìn-ín, Tàófíìkì, débi pé ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan àwọn ń gbé ìkòkò ìrẹsì sọdá títì lọ fún àwọn ọmọ ogun tó wà nínú kòtò, ni ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá ju ìkòkò sílẹ̀, wọ́n sá. Ebi ni àwọn ọmọ ogun náà sùn. Ilẹ̀ kò mọ́ bá méjì nínú wọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ojú ti ń ti bàbá. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ilé ẹ̀kọ́ kan níbí sì ti ní kí bàbá wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun. Bàbá bẹ̀ mí kí n sọ pé ojú ń dùn wọ́n, mo sì gbà. Àmọ́ nígbà tí ọjọ́ pé, bàbá ti wọ bàtà kí n tó jí. Wọ́n dúró níwájú àwọn ọmọ, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìkòkò tí wọ́n jù sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń wolẹ̀. Ọmọbìnrin kan béèrè pé ta ni bàbá wá pa lójú ogun. Bàbá ní ewúrẹ́ ni. Ẹ̀rín àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé, bàbá náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìròyìn délé, ìyá mi nìkan ni kò rí ẹ̀rín rín. Wọ́n ní ó ti lé lógójì ọdún tí àwọn ti ń sebẹ̀ fún ọkùnrin yìí, tó ń ní iyọ̀ ò tó, láìmọ̀ pé ọ̀gá alásè làwọn fẹ́.

“Bàbá Súnkànmí, ẹ dìde,” wọ́n ní. “Ulé ìdáná nìyẹn.”

Sátidé ni bàbá dáná. Àwa mẹ́ta péré la wà nílé, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ogójì ènìyàn máa jẹ nìkan ni bàbá mọ̀ ọ́n sè. Ìyá mi ní kí n lọ pe àdúgbò. Tonílé tàlejò gbé abọ́ dé. Bàbá dúró ti ìkòkò, awò dúdú lójú, wọ́n ń bù ú fún wọn, bàbá ò sì jókòó títí gbogbo ènìyàn fi yó.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá yín àgbà, kí o sì gbé Fàtíà jó fún mi.

Tìrẹ ni mo jẹ́, èmi ọmọ alásè,
Súnkànmí.