Ẹ Má Pa Ẹyẹ Tó Ń Rìn Káàkiri

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ẹyẹ. Mo kí Mùtíù àbúrò mi, tó ń bá yín re oko. Mo kí Rọ́fíátù ọmọ mi, tó wà lọ́wọ́ yín. Kí Ọlọ́run forí jin ìyá wa tó ti sùn. Mo ti ní kí Mùtíù ka lẹ́tà yìí sókè ní ojúde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, torí gbogbo ará Lálúpọn ló ti dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ yín.

Ẹ mọ̀ pé oko ẹyẹ ímíù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà níbí. Èmi náà ni mo ròyìn wọn fún yín: ẹyẹ gíga tí kì í fò, tó jọ ògòǹgò àmọ́ tí kò tó o, tí wọ́n ń yọ òróró ìpara nínú ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n ń ta ẹran àti awọ rẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ lọ ra méjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ẹyẹ ní Mọ́níyà, ẹ ní ẹ ó máa ta ọmọ wọn fún àwọn àgbẹ̀ títí dé Adégbayì. Inú mi dùn. Mi ò rántí sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún yín, ẹ̀bi mi nìyẹn.

Ìgbà ọyẹ́ yín ni ìgbà ooru wa. Eṣinṣin pọ̀, ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, kò sí ẹni tí èèyàn máa kí láàárọ̀. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta kí n má sọ Yorùbá sí nǹkan kan àfi ẹyẹ. Ó ti mọ́ mi lára.

Mo wo fídíò tí Mùtíù fi ránṣẹ́. Ẹyẹ kan ti sàba lórí ẹyin méje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jẹ, kò mu. Mùtíù ní ẹ ń pè é ní Ìyá Àbíyè, pé ẹ ń fi àrọ rọ ògì sí i lẹ́nu kó má baà kú. Ó ní èkejì ń rìn káàkiri ọgbà, ó ń jẹ àgbàdo, ó ń dún kìì kìì bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán ní agboolé kejì. Ẹ ní ọkọ ọ̀lẹ nìyẹn, pé ìyàwó ń gbààwẹ̀, òun ń jẹun. Ẹ sì ti ṣèlérí pé òun lẹ máa pa fi ṣe sàráà lọ́jọ́ tí Rọ́fíátù bá parí Kùráánì rẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.

Bàbá, èyí tó sàba yẹn ni akọ. Èyí tó ń rìn tó ń dún ni abo. Ẹyẹ yìí kò ṣe bí adìyẹ: abo á yé ẹyin tán, á bá tirẹ̀ lọ, akọ á jókòó lé e ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀rá ara rẹ̀ ni á máa jẹ, òun náà ni á tọ́ ọmọ. Tí ẹ bá pa abo, kò ní sí ẹyin mìíràn, òwò náà tán nìyẹn. Èmi náà ṣe irú àṣìṣe yín. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo gbé oúnjẹ lọ bá èyí tó sàba, mo ń bá a kẹ́dùn. Ọ̀gá mi, bàbá arúgbó kan, ní kí n fi í sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ kàn gbé omi sítòsí rẹ̀, ìyẹn ti tó. Ẹ má sì tíì tu ẹ̀gẹ́ yín láti fi àyè sílẹ̀ fún ẹyẹ, torí a ò tíì mọ ẹni tó máa rà á.

Mùtíù ní àwọn kan ní abiyamọ wo ló ń fi ẹyin sílẹ̀ lọ rìn. Mi ò mọ inú ẹyẹ. Èmi mọ tèmi. Ọmọ ọdún méjì ni Rọ́fíátù nígbà tí mo gbé e lé yín lẹ́sẹ̀. Mùtíù sọ fún mi pé lọ́dún tí àgbàdo kò ṣe dáadáa, ẹ máa ń ní ẹ ti jẹun lóko kí ó lè jẹ yó. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Ó dùn mí, mo sì dúpẹ́.

Ẹ pa àgbò fún sàráà náà, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ Mùtíù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ọmọ tí ẹ tọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ojúde. Ẹ ṣí ọgbà fún abo yẹn kó rìn, ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ tó ń dún, ó ṣì wà nítòsí ni.

Èmi ni Sìdíkátù, ọmọ yín tó ń rìn.