Bàbá Tí Ẹ̀rọ Yín Pa

Àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti yá. Bàbá náà wà, ó ń rán ṣòkòtò ní pálọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè níléeṣẹ́ yín ń sọ pé ó ti kú.

Ṣé o rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù Bàbá jóná? Ìwé ìròyìn tí mò ń wakọ̀ fún nìkan ló ṣì í kọ pé Bàbá bá iná lọ. Ẹ̀rọ yín wá ń ka àṣìṣe wa bí ayékòótọ́, ọ̀gá yín sì ń búra ní kóòtù tí a pè yín sí, torí ìròyìn wa tí ẹ jí kọ́ ẹ̀rọ, pé àwọn ò fojú kan ìwé wa rí. Ẹ jí ẹran jẹ, eegun há yín léyín, ẹ ní ààwẹ̀ lẹ̀ ń gbà!

Mo gbọ́ pé ìwọ ni ẹlẹ́rìí wọn. Jọ̀ọ́, má lọ búra fún olè.

Bàbá ní, "Sọ fún un pé òkú ń kí i, kó fi awò ojú ránṣẹ́, mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́."

Ọlọ́run á fún ẹ níṣẹ́ tí o ò ní pa bàbá ẹ kó o tó gbowó oṣù.

Ẹ̀gbọ́n ẹ, awakọ̀.