Alángbá Ọlọ́fun Búlúù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le ní Chennai níbí. Yàrá mi ní fáànù, mo tilẹ̀ ti sanra díẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi katakata hú igbó ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ewúrẹ́ yín ti ń jẹ̀. Ẹ rántí àwọn tó wá yẹ ilẹ̀ náà wò lọ́dún tó kọjá, tí mo ń mú wọn káàkiri. Wọ́n ní tí àwọn bá rí alángbá kékeré ọlọ́fun búlúù níbẹ̀, torí irú rẹ̀ ti ń tán lọ, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà yóò wá ilẹ̀ mìíràn. Ìgbà òjò ni wọ́n wá. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé ìgbà ooru ni akọ rẹ̀ máa ń gun òkúta, tí á na ọ̀fun rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Esakki, ìwọ ọmọ ibí, ṣé o ti rí i rí?"

Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá."

Lọ́sẹ̀ kejì ni wọ́n fún mi níṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí.

Ìyá ní ẹ ń pe Sudalai ọ̀rẹ́ yín ní ọ̀dàlẹ̀, pé òun ló ta igbó náà. Bàbá, Sudalai ò mọ nǹkan kan. Èmi ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?" Mo ní mo ti jẹun, mo sì pa fóònù.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ bá mi kí Sudalai, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí fún un.

Ọmọ yín,
Esakki