Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Onídùúró fún Ajá

Tẹjú, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bruma lẹ́yìn odi lọ́hùn-ún? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣé iṣẹ́ báńkì ní Sandton ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó ń pa ẹ́ mọ́ kò ní sùn lọ́rọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ojú ọ̀gá rẹ kò ní tó àṣìṣe rẹ. Gbogbo wa ní Ìbòkun wà láàyè, àfi orúnkún mi tó ń ké kàkà bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ajá ni. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé gbogbo Sátidé lo máa ń lọ sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn ajá àti ológbò aláìlẹ́ni sí, pé o ń mú wọn rìn kiri, o ń wẹ̀ wọ́n, o sì ń tọrọ bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù fún wọn, mo ronú títí, mo ní àbí wọ́n ti lé ọmọ yìí níṣẹ́ tí kò fẹ́ sọ fún mi ni. Ìgbà tí o wá fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sórí fóònù, tí orúkọ, ọjọ́ orí àti ìwà kálukú wà lábẹ́ rẹ̀, mo rò pé ìbò ni wọ́n fẹ́ dì. Mo tiẹ̀ ti mú dúdú kan tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kò fẹ́ràn ariwo, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ṣe káńsẹ́lọ̀ wa.

Kò pẹ́ lo ní o fẹ́ gba ọ̀kan sílé, Bísíkíìtì, tí wọ́n rí nídìí iná ojú pópó tí ẹ̀yin ń pè ní róbọ́ọ̀tì ní Rosettenville, pé ó ti darúgbó, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. O ní fọ́ọ̀mù kan wà, o sì ti kọ nọ́ńbà mi síbẹ̀ kí wọ́n lè pè mí wádìí irú èèyàn tí o jẹ́. Tẹjú, mo mọ ohun tí à ń pè ní onídùúró. Bàbá rẹ ṣe é fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akínbọ̀wálé nígbà kan, ìyẹn sá lọ, wọ́n sì ti bàbá rẹ mọ́lé fún odidi ọjọ́ méjì. Torí náà nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ aṣọ òkè tí mo fi sin ẹ̀gbọ́n mi, mo ránṣẹ́ pe Tíṣà Akíntúndé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, kó wá máa túmọ̀ òyìnbó, a sì jókòó síwájú fóònù bí ẹni tó wá síwájú adájọ́.

Obìnrin kan láti ilé àwọn ajá náà, Nomvula, ló yọjú lójú fóònù, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn. Ó fẹ́ máa bi mí ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ṣé ilé tiwa ni wọn yóò ti gba ẹnikẹ́ni wọlé láìwádìí? Mo ní kí Tíṣà kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni Bísíkíìtì, ṣé wèrè wà nínú ìran wọn, àbí olè, kí ló sì lé e kúrò nílé tó wà tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà ní àwọn kò mọ bàbá rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Ó ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Mo tún mí kanlẹ̀, nítorí ìyẹn já sí pé kò sí ìrètí ọmọ-ọmọ lápá ibẹ̀ náà. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan kékeré bí hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, pé bó bá sọnù, ẹni tó bá rí i yóò mọ ilé tó ti wá. Mo ní kí Tíṣà bi í bóyá ó ṣẹ́ ku ọ̀kan, kí wọ́n fi sí ọ lọ́rùn. Tíṣà kò túmọ̀ ìyẹn.

Ìgbà tó wá sọ pé ọdún méjìlá ni ajá náà, tí Tíṣà sì ṣàlàyé pé ọdún kan ti ajá tó méje tiwa, mo ṣírò rẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin! Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Tẹjú, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ pé o ń fi okùn fa Bàbá Bísíkíìtì kiri tàbí pé o ń pe orúkọ mọ́ wọn lórí. Máa kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n jẹun kí ìwọ tó jẹ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló dùn mí. Nomvula ní bí o bá rìnrìn-àjò wá sílé, ta ni yóò máa tọ́jú wọn. Mi ò lè purọ́ níwájú Tíṣà. Mo ní kó sọ fún un pé o kì í wá sílé, pé ọdún kẹfà rèé tí mo ti fojú kàn ẹ́ gbẹ̀yìn. Mo rò pé inú yóò bí i, pé yóò bá mi bá ọ wí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ìyẹn dára gan-an, irú ẹni tí kì í kúrò nílé ni àwọn ń wá, wọn yóò fún ọ ní ajá. Tíṣà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní a ti yege. Omi bọ́ lójú mi, Tíṣà sì rò pé ayọ̀ ni.

Mo ti fi ìró mi mẹ́ta tó ti gbó rán Oyíndà, ọmọ àdúgbò wa tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, kí àwọn ajá ilé náà máa fi bora. Mo sì ń gbé abọ́ omi síta fún àwọn tó ń rìn kiri níbí, àfi pé ewúrẹ́ Ìyá Ràímì ló ń mu ún tán. Bí o bá rí nǹkan díẹ̀ ṣe, fi owó páànù méjì ránṣẹ́ fún ilé ìdáná tí ìjì ṣí lórí, kí o sì fi ti wáyà ọgbà tí ajá kò lè gbà jáde kún un, kí ìwọ àti Bàbá Bísíkíìtì má baà rí àwáwí pé ẹ kò lè wá sílé.

Èmi náà ti kọ fọ́ọ̀mù tèmi, Tíṣà ló bá mi fa ìlà rẹ̀. Orúkọ: Àdùnní. Ọjọ́ orí: mọ́kànléláàádọ́rin. Eyín: ó ku díẹ̀. Ìwà: ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bu èèyàn jẹ. Oúnjẹ: ohun tó bá wà. Ta ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀: kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́, ọmọ rẹ̀ kàn rìnrìn-àjò ni. Ibi tí ẹni tó fẹ́ gbà á yóò ti buwọ́ lù ú ṣì ṣófo. Tíṣà ní irú èyí kò ṣeé fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ojúkojú ni wọ́n ń buwọ́ lù ú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àbọ̀ yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù. Bá mi kí Bàbá Bísíkíìtì. Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yá mi lọ́mọ mi fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdùnní