Káńfọ̀ fún Àwọn Fótò Ìyá Rẹ

Banikanni, Parakou
Ọjọ́ Alámìsì

Ràyhánátù ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùm. Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá ọ jẹun ní Kútọnu. O kú ìrọ́jú, o kú àìrí màmá. Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ àlọ rẹ, kí ó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kí ó fi ẹni rere yí ọ ká, kí ó má sì jẹ́ kí oúnjẹ tó ò ń rà jẹ ní títì da inú rẹ rú.

Bí o bá ń béèrè tiwa, àlàáfíà ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Zàkárí aládùúgbò wa ti fi páànù tuntun bo ilé rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀, nítorí bí oòrùn bá ti yọ, dídán páànù náà máa ń wọ inú yàrá mi wá jí mi. Adìẹ ìyá rẹ ti pamọ, ó sì kó àwọn ọmọ náà lọ sídìí ààrò tí ẹnikẹ́ni ò dáná nínú rẹ̀ mọ́, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mọ́nsúrátù tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà ló ń bá mi sè oúnjẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ dára, iyọ̀ rẹ̀ ló máa ń pọ̀. Mo ṣì máa ń pọn omi sí kẹ́tùlù méjèèjì fún àlùwàlá kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo fẹ́ ṣe é.

Ìwé tí mo kà ní kíláàsì àwọn àgbà ni mo fi ń kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, bí mo bá dé orí rẹ̀ lórí fóònù, mo máa ń gbé e kúrò létí, ìwọ náà á sì rò pé rẹ́sò fóònù ló ti lọ, o á ní Bàbá, ẹ jẹ́ n pè yín padà.

Níjọ́ tó o pè mí kẹ́yìn, o ní bùtíìkì tó o ṣí fún ìyá rẹ nínú fóònù, èyí tó o ṣì ń bójú tó láti ìgbà tí Ọlọ́run ti pè é, ti kún jù. O ní àwọn fótò tó ti mú aṣọ dání àti àwọn fídíò tó ti ń tú aṣọ han oníbàárà ló wúwo, àti pé àwọn tó ni ibẹ̀ ń gba owó gọbọi lórí ẹrù tó bá wúwo. O ní o máa kó wọn lọ síbi ìkẹ́rùsí kan lóde, níbi tí owó rẹ̀ ò pọ̀, pé bùtíìkì á wà ní àyè rẹ̀, oníbàárà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, bí ẹnì kan bá ti tẹ fótò kan, ọ̀hún ni wọ́n á ti gbé e wá fún un. Mo ní ó dára. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó yé. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó jókòó rò ó.

Ọmọ mi, mo mọ ibi ìkẹ́rùsí tí owó rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tó o ṣì kéré, tí bùtíìkì ìyá rẹ ní ọjà Arzèkè kún débi pé ìta ni òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sí, a gba màgásà kan ní Albarika, àwọn alábàárù ń fi ọmọlanke kó aṣọ lọ, wọ́n ń kó o bọ̀. Òjò ọdún yẹn gba ẹ̀yìn wọlé, eku bímọ sínú léèsì. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, ìyá rẹ ò sunkún, ó kàn jókòó, ó ń ká àwọn tó ti bàjẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ tuntun, etí sí etí. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí káńfọ̀ tán nílé.

Ìdí nìyẹn tí o fi rí káńfọ̀ nínú ọ̀rá dúdú tó bá lẹ́tà yìí wá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní ó ń rùn, mo ní fótò ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi tọ́jú, ó sì gbà á láìgbowó. Jọ̀ọ́, bá mi kó o fún ẹni tó ni màgásà náà, kí ó fi sí igun yàrá, kí ó má jẹ́ kí ó kan fótò gan-an, nítorí ó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Bi í bóyá páànù rẹ̀ ń jò. Bi í léèrè ẹrù ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ, bó bá jẹ́ ẹja gbígbẹ, kí ó sún un síwájú. Kí o sì bá mi mọ orúkọ alábàárù tó ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Ẹni tó ń gbé ìyàwó mi rìn lójoojúmọ́, ó yẹ kí n lè fi orúkọ kí i.

Mi ò sọ fún ọ rí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kírun Màgáríbì tán, mo máa ń ṣí bùtíìkì náà. Mi ò ra nǹkan kan. Mo máa ń gbé fóònù sórí àga ìyá rẹ, mo á tẹ̀ ẹ́, òbírí kékeré kan á máa yí, á máa yí, èmi náà á jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó retí rẹ̀ láti ọjà. Lẹ́yìn náà ló máa jáde, á na aṣọ, á fọwọ́ pa á, á ní kí wọ́n wò ó dáadáa, pé kì í ṣá. Mo máa ń wò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ Àtàláátà tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́, kò jáde. Àpótí funfun ló kù níbi tí àwọn fótò ti wà, orúkọ aṣọ wà nísàlẹ̀, iye rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mú un dání. Mo sáré tọ Mọ́nsúrátù lọ láìwọ bàtà. Ó wò ó, ó ní ẹrù ṣì wà lójú ọ̀nà ni, pé ọmọ yín ń kó wọn lọ́wọ́, kí n ṣe sùúrù. Ó tún ní kí n lọ wọ bàtà, kí àwọn èèyàn má baà rò pé mo ti fẹ́ ìyàwó tuntun tó ń lé mi jáde. Mo rẹ́rìn-ín fún un kí ó má baà rí ojú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú, ìyá rẹ padà. Ó tilẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òbírí yẹn ò yí rárá, mi ò tíì jókòó tán tó ti na aṣọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alábàárù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárò ìdúró yẹn sọ mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan ò padà. Mo wá a dókè, mo wá a délẹ̀. Èyí tó tẹ́ àǹkárá aláwọ̀ ewé sílẹ̀ nínú yàrá wa, tó ń ṣàlàyé fún oníbàárà, tó kàn dédé yíjú sí mi, tó wá ní, “Bàbá Ràyhánátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò lórí aṣọ mi.” Ẹsẹ̀ mi ló wà ní igun ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì, nínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu. Mo gbé e kúrò, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mọ́nsúrátù ní ó lè jẹ́ pé o yọ ọ́ kúrò kí ẹrù lè fúyẹ́, torí aṣọ yẹn ti tà tán. Mi ò bá ọ wí. Ìyá rẹ pàápàá kì í jẹ́ kí ohun tí kò ní tà gba àyè. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó kù, oníbàárà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí o kò bá tíì dà á nù, bá mi gba àyè fún un. Owó àgbàdo tó o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, dá a dúró lóṣù yìí, kí o fi san owó àyè rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹ àgbàdo púpọ̀. Bí ibẹ̀ bá wọ́n jù, fi í ránṣẹ́ wá sílé. Àpótí aṣọ ìyá rẹ ti ṣófo láti ìgbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ti pín ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ti nù ún, mo ti fi káńfọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni ò gbowó níbẹ̀. Owó kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún ni ti mẹ́gà tí fóònù ń jẹ, kí n lè máa ṣí bùtíìkì. Ó máa ń tán kíá tí ìyá rẹ bá ń sọ̀rọ̀, o sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ohun tó o bá tọ́jú má sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò máa dá ọ lóhùn nínú ilé, kí ó sì tẹ́ ibi tó fẹ̀ fún ìyá rẹ, níbi tí òjò kì í dé. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Kàsìmáwò

Bí o bá rí fídíò náà, tó o sì fẹ́ dín in kù kí ó lè fúyẹ́, gé ibi tó bá wù ọ́. Má ṣáà gé ẹsẹ̀ mi kúrò níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tí àwa méjèèjì ti jọ wà.