Eré-Ìje Kẹ̀kẹ́ Àfọwọ́yí ní Ọjọ́ Jímọ̀

Àtìní, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Ìjọba ti sún ìdíje wa. Sátidé ló wà tẹ́lẹ̀, ó ti di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láàárọ̀, lójú títì GRA. Wọn ò sọ ìdí. Ẹnì kan ṣoṣo ni Kwara máa mú nínú àwa obìnrin lọ sí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Èmi ni mo yá jù. Fèrè náà mọ̀ — Kóòṣì Danjuma, tí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Jímọ̀, nínú gbogbo ọjọ́!

Baba kì í jẹ́ kí n jáde ní Jímọ̀. Láti kékeré ni. Ní Ìlọrin yìí, tí arọ bíi tèmi bá dúró lẹ́bàá títì ní Jímọ̀, kó tó ṣẹ́jú, sàráà ti kún itan rẹ̀. Baba ní àwọn ò ní gbà láéláé kí ará ìlú rí ọmọ Alfa Salahudeen, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú, níbi tí wọ́n ti ń gba sàráà. Ọjọ́ yòókù, kò sí wàhálà. Jímọ̀, rárá.

Àtàláátà, 7

Mo sọ fún Baba. Wàláà tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kàwé ni wọ́n ń tò jọ. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí ìdíje náà bọ́ sí ọjọ́ mìíràn. Mo ní ìjọba ló dá ọjọ́. Wọ́n ní ìjọba kọ́ ló bí mi.

Ọ̀rọ̀ parí. Inú ń bí mi.

Àlàmísì, 9

Àbdùlsàlámì wá láti ilé rédíò, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Òun ló máa kéde ìdíje wa. Ó ń wo kẹ̀kẹ́ mi, tí mo ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta, káàkiri. Ó ní òun rò pé irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn ní ọsibítù ni. Mo fi hàn án: táyà ńlá méjì lẹ́yìn, kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán níwájú, a ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, a ó tẹ̀ síwájú, a ó máa fi ọwọ́ lu irin ẹ̀gbẹ́ táyà kó lè máa yí.

Ó bi mí pé kí ni òun máa pè é. Kí n tó lanu, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn: eré àwọn arọ. Mo ní kó má dán an wò. Ṣé ẹsẹ̀ mi tí kò rìn ló ń sáré ni? Ọwọ́ mi ni, kẹ̀kẹ́ mi ni. Eré-ìje kẹ̀kẹ́ àfọwọ́yí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ìdíje ni, pé ẹnì kan á borí, ẹnì kan á pàdánù. Ó ní ó gùn jù. Mo ní kó fara balẹ̀ pè é. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀.

Jímọ̀, 10

Mo wà nílé. Ọwọ́ ń yún mi.

Àtìní, 13

Mo gbọ́ ọ lórí rédíò: ẹ wá, Jímọ̀ yìí, ní GRA, eré àwọn arọ!

Mo pe Àbdùlsàlámì kíá. Ó ní ọ̀gá òun ló gé e kúrú, pé ohun tí ará ìlú mọ̀ nìyẹn. Mo ní ohun tí ará ìlú mọ̀ nípa arọ àti Jímọ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa á lẹ́rìn-ín?

Wọ́n ṣì ń gbé e jáde ṣáá. Baba kì í gbọ́ rédíò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kírun lẹ́yìn wọn ń gbọ́.

Àlàmísì, 16

Mo ti sọ fún Ìyá pé màá lọ díje. Wọ́n ní tí Baba bá béèrè mi lọ́la, àwọn á ní mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi Husseinat ní Malete. Mo ní kí wọ́n má purọ́ nítorí mi. Kí wọ́n sọ pé mo lọ sáré. Ìyá ní ó dáa, àmọ́ ó di ìgbà tí mo bá borí kí àwọn tó sọ ọ́.



Jímọ̀, 17

Èrò kún ẹ̀gbẹ́ títì bámú. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó yá ni mo rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: búrẹ́dì, àkàrà, owó wẹ́wẹ́. Ìyá kan ń béèrè olórí wa kó lè kó ìrẹsì lé e lọ́wọ́. Sàráà ni wọ́n gbé wá! Fèrè ń lé wọn, wọn ò gbọ́. Hadiza tí a jọ ń díje rẹ́rìn-ín títí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A tò sójú ìlà. Mo ti dé akoto, awò dúdú bo ojú mi, mo ti kúnlẹ̀, wọ́n ti fi bẹ́líìtì dè mí. Mo ń gbọ́ àdúrà láti òpin ìlà, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Àwọn alfa ni, wọ́n ń pín búrẹ́dì fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ikọ́ kan.

Baba ni.

Níbo ni mo fẹ́ gbà? Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n gbé búrẹ́dì lé irin iwájú kẹ̀kẹ́ mi. "Ọlọ́run á ṣàánú rẹ. Gba kádàrá." Ohùn tí wọ́n fi ń bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ ni. Wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

Fèrè ti gbé ọwọ́ sókè, a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí búrẹ́dì yẹn bá já sábẹ́ táyà, mo ti pàdánù. Mo ní, "Baba, ẹ bá mi gbé e kúrò. Eré-ìje la fẹ́ sá."

Ọwọ́ wọn dúró lójú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà búrẹ́dì kúrò. Fèrè fọn fèrè rẹ̀.

Mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ń sunkún, awò mi kún fún omi, n kò rí títì dáadáa. Mo ṣe ipò kìíní. Nígbà tí mo padà sójú ìlà, Baba ti lọ.

Àlàádì, 19

Láti Jímọ̀, Baba ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ìyá ní kí n ní sùúrù. Sùúrù ti tán lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, wọ́n pè mí. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Láti kékeré rẹ ni mo ti ń ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má fún ọ ní sàráà. Èmi gan-an ni mo wá fún ọ ní sàráà."

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ irọ́ ni, ó dùn mí.

Wọ́n béèrè ọjọ́ mélòó la máa lò ní ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo ní ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní Jímọ̀ á wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.  Wọ́n ní kí n lọ síbi ìdíje náà. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá gbé sàráà wá bá mi níbẹ̀, ì báà jẹ́ alfa, kí n sọ ohun tí mo sọ fún àwọn lójú ìlà fún un.