Àga Tí N Kò Dìde Lórí Rẹ̀

Ilé Kẹrìnlá, Òpópó Ọlábọ̀dé,
Pápá Àjàó, Muṣin,
Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1974.

Èmi Caroline Adéfúnmiláyọ̀, tíṣà, tí yàrá mi kángun sí ti Bàbá Àkàngbé, ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá kò mọ̀wé kọ, wọn kò sì fẹ́ kí Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọmọ wọn, bá wọn kọ ọ́, nítorí wọ́n ní yóò máa gbèjà wọn nínú ìwé. Wọ́n ní kí n má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, kí n má sì fi ọ̀kan kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fa àga fún wọn. Wọ́n ní orí ìdúró ni àwọn yóò ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí.

Ògúntádé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ti lè fi rìn dé oko? Ìyá Gbádé ńkọ́, ṣé ara wọn le? Mo gbọ́ pé òjò tètè dáwọ́ dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yìí, mo sì ń rò ó bóyá àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ rí omi tó kó tó gbó. Èmi náà wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń sùn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí fún ọ, kó rọra kà á, kó sì kà á dé ìsàlẹ̀. Kó má dúró níbi tí inú bá ti bí ọ.

Gbádé ọmọ rẹ wà láàyè, kò sì ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í mọ́lé ní bárékè láti Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo sì fà á. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún ọ.

O rántí pé Abọ́sẹ̀dé wà ní yunifásítì ní Yábàá. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá sílẹ̀. Wọ́n máa ń pe èèyàn wá sọ̀rọ̀ nípa bí ó ṣe yẹ kí ṣọ́jà àti ará ìlú máa gbé pọ̀, àti bí orílẹ̀-èdè ṣe ń ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní oṣù kẹwàá pé àwọn ṣọ́jà kò ní gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1976 mọ́ ni orí àwọn ọmọ náà ti gbóná. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ṣọ́jà fúnra rẹ̀ wá dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn. Gbádé ló bá wọn mú ìwé ìpè lọ fún ọ̀gá rẹ̀, Méjọ̀ kan tí ó ń wa ọkọ̀ fún. Méjọ̀ gbà láti wá. Lọ́jọ́ tí Gbádé mú èsì wá fún wa nílé níbí, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ wa, ó ń fi Abọ́sẹ̀dé ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó má bi ọ̀gá òun ní ìbéèrè tó le jù, kí òun má baà fẹsẹ̀ rìn padà sí bárékè.

Abọ́sẹ̀dé ní kí n wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀, pé òun yóò túmọ̀ rẹ̀ fún mi tí a bá délé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dá fún mi. Aago mẹ́ta ni mo ti débẹ̀. Gbọ̀ngán ńlá ni, àga tò lọ rẹrẹ. Níwájú pátápátá, àga kan wà lọ́tọ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, wọ́n gbé tábìlì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gíláàsì omi sì wà lórí tábìlì náà. Ìwọ náà rò ó wò. Nílé wa, níbi tí ọmọdé bá pọ̀ sí, ta ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ sórí àga dè? Mo rò pé Abọ́sẹ̀dé ló ṣe é fún mi. Inú mi dùn. Mo jókòó, mo sì mu omi náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọkùnrin kan wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà mi, ó lọ. Ọmọbìnrin kan wá kúnlẹ̀, ó bi mí bóyá oòrùn ojú fèrèsé kò pa mí lójú níbẹ̀. Mo ní rárá. Òun náà lọ. Ẹ̀kẹta ní àga kan wà lẹ́yìn tó ní tìmùtìmù, pé ìyẹn yóò rọ̀ mí lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń ti ara wọn síwájú. Kò sí èyí tó lè la ẹnu sọ fún àgbàlagbà pé kó dìde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni gbogbo wọn. Abọ́sẹ̀dé nìkan ni ìbá sọ ọ́ fún mi, ó sì wà lẹ́nu géètì tó ń dúró de àlejò wọn.

Ògúntádé, n kò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta yẹn lọ tán, mo ti mọ̀ pé àga náà kì í ṣe tèmi. Mo lè dìde nígbà yẹn, kí n rọra lọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìbá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó, o sì mọ̀ mí.

Méjọ̀ wọlé pẹ̀lú ṣọ́jà mẹ́ta, Gbádé wà lára wọn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó wá dúró níwájú mi, kò kí mi. Abọ́sẹ̀dé sáré dé, ó kúnlẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ Méjọ̀, ó ń fi Yorùbá bẹ̀ mí. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn gbọ̀ngán pé, "Bàbá, ẹ má dìde o. Àwọn náà kò tíì dìde lórí tiwọn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Mo rí i bí ojú Méjọ̀ ṣe yí padà. Ó ti gbà pé àwọn ọmọ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé arúgbó sórí àga òun láti fi òun ṣẹ̀sín. Ìpàtẹ́wọ́ yẹn sì dùn mọ́ mi, èmi àgbàlagbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Méjọ̀ kò pariwo. Ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí n lè gbọ́. Ó ní, "Kọ́púrà, gbé bàbá yìí kúrò níbẹ̀."

Gbádé bọ́ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi. Ohun tó sọ nìyí, kí Tíṣà kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún mi. Tí ẹ kò bá dìde, èmi ni wọn yóò fi ṣe é." Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mo wo ojú rẹ̀, ojú tìrẹ gan-an ni mo rí níbẹ̀, mo sì mi orí. Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé mo ti jókòó.

Ó nàró, ó kí ọ̀gá rẹ̀ bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá, ó ní, "Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, sà. N kò lè fọwọ́ kàn wọ́n."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn. Méjọ̀ wo Gbádé, ó wò mí, ó yí padà, ó jáde. Àwọn ṣọ́jà méjì yòókù fi Gbádé sáàárín. Ẹlòmíràn ló wa ọkọ̀ náà lọ. Mo ṣì jókòó sórí àga, kò sì sí ẹni tó ń bá mi dù ú mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Rosaline ìyàwó Gbádé wá bá wa. Kò sunkún, kò sì bú mi. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò mú ọkọ òun dé iwájú àwọn àgbà ọ̀gá. Pé ó kọ àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n Méjọ̀ ti sọ fún wọn pé òun rí i tí Gbádé ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, pé ńṣe ló ń sọ fún mi pé kí n má mira, pé Gbádé àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀, àbí Gbádé kọ́ ló mú ìwé ìpè wá? Tí wọ́n bá gba ìyẹn gbọ́, wọn yóò já àmì ipò rẹ̀ kúrò lápá rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló sì kàn. Ohun kan ṣoṣo ni Rosaline béèrè lọ́wọ́ mi, ohun tí ọkọ òun sọ sí mi létí. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó wò mí títí.

"Ẹ gbọ́ ọ báyẹn, Bàbá, ẹ kò sì dìde?"



Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń gbà mí nímọ̀ràn. Múrítàlá onílé wa ní kí n sọ pé etí mi ti di, pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Abọ́sẹ̀dé ní kí n ṣáà sọ pé n kò mọ ẹni tó ni àga, wọn yóò ṣàánú mi. Ẹkún ló ń sun bó ti ń sọ ọ́. Wọ́n ti pe òun náà nílé ìwé, wọ́n ní ẹgbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ ṣèpàdé mọ́ títí wọn yóò fi gbọ́ àṣẹ míì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní n kò gbọ́ nǹkan kan, ta ni yóò jẹ́rìí pé Gbádé bẹ̀ mí? Etí méjì péré ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, orí mi sì ni méjèèjì wà.

Ṣé o rántí ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí Gbádé fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣọ́jà, tí o ní kò ní ṣe é lójú rẹ láyé? Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ fún ọjọ́ méjì, tó ní òun kò ní dìde àfi tí o bá gbà? Nítorí mi lo ṣe gbà. Ọmọ náà lọ sójú ogun, ó sì padà wá pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì. Ìjókòó mi ló mú un wọ iṣẹ́ náà, ìjókòó mi náà ló fẹ́ lé e jáde.

Láàárọ̀ ọ̀la, ọjọ́ Ajé, èmi àti Rosaline yóò lọ sí bárékè. Tíṣà yóò da ohun tó kọ yìí kọ lẹ́ẹ̀kejì, màá fi ìyẹn sápò lọ. Ìdí tí mo fi pe ẹlẹ́rìí nìyẹn. Màá sọ fún wọn pé n kò mọ̀ nígbà tí mo jókòó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nígbà tí n kò dìde. Màá sọ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ mi, pé ọmọ rẹ bẹ̀ mí bí ọmọ ṣe ń bẹ bàbá rẹ̀, èmi ni mo kọ̀. Tí Méjọ̀ bá ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún òun, màá dọ̀bálẹ̀. Mo ṣì rò pé ó yẹ kó kí mi kó tó pàṣẹ. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Múrítàlá ní wọ́n lè ti èmi náà mọ́lé. Kí wọ́n tì mí.

Má fi ẹsẹ̀ yẹn wọ ọkọ̀ wá sí Èkó títí o ó fi gbúròó mi. Yẹ̀kínnì onílọ́rì tó ń gbérò ní Ìdó ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, òun náà ni màá fi èsì ọjọ́ Ìṣẹ́gun rán. Bí o bá fẹ́ bú mi, dúró di ìgbà yẹn, lẹ́yìn náà kí o bú mi bó ṣe wù ọ́. Bá mi kí Ìyá Gbádé, kí o sì rọra sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe lójú àwọn ọmọdé.

Tíṣà tún ti fa àga fún mi báyìí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn. N kò tíì jókòó láti àárọ̀. Bí wọ́n bá gbé àga fún mi lẹ́nu géètì wọn lọ́la, n kò ní jókòó. Orí ìdúró ni màá wà títí Gbádé yóò fi jáde, tàbí kí wọ́n mú mi wọlé lọ bá a.

Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ mi,
Àkàngbé.

A ka lẹ́tà yìí fún Bàbá Àkàngbé lẹ́ẹ̀mejì. Àmì àtàńpàkò wọn ló wà ní ìsàlẹ̀ yìí.

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀:
Múrítàlá Ọlábọ̀dé, aránṣọ, onílé.
Ethel Ọláìtán, nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà.